Oṣù mẹ́ta péré ní kíréèṣì, ara ọmọ mi ò yá rárá: ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa. Agric ni mò ń gbé ní Ìkòròdú níbí, Kétu ni ibi iṣẹ́ mi wà. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù mẹ́wàá. Láti ìgbà tí mo ti mú un lọ sí kíréèṣì, ọ̀fìnkìn ti mú un lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì ti yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù. Àǹtí tó ń tọ́jú wọn ní ilé wa ló ti ń kó o wá. Ọkọ mi ní kí n gbé e lọ bá ìyá òun ní Ìmọ̀ta kí ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo ìgbà ni kíréèṣì yẹn ń rùn fún Izal, nítorí náà mi ò lè sọ pé wọ́n dọ̀tí. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni?

———

Ìyàwó wa, má tíì yọ ọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀nà Ìgbógbó. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáàárín ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí. Àwọn dókítà ọmọdé ní ọmọ kékeré lè ní ọ̀fìnkìn bíi 6 sí 8 láàárín ọdún kan kó má sì sí àrùn kankan lára rẹ̀, ti ọmọ kíréèṣì sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn ju oríṣi 200 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ara ọmọ ń kọ́ bí yóò ṣe bá wọn jà, èyí tí kò bá sì pàdé báyìí, yóò pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Nítorí náà, ọ̀fìnkìn mẹ́rin yẹn ò dẹ́rù bà mí. Ìgbẹ́ gbuuru ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀fìnkìn ń gbà, kò sẹ́ni tó lè dí gbogbo ojú ihò rẹ̀. Àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru, ìdí ọmọ kan ló ti kúrò tó fi dé ẹnu ọmọ tìrẹ, ọwọ́ ẹnìkan ló sì gbé e débẹ̀. Ó lè jẹ́ ọwọ́ àǹtí. Ó lè jẹ́ ọwọ́ ọmọ mìíràn. Ó sì lè jẹ́ fídà tí ẹ ò sè dáadáa nílé ni, má bínú pé mo sọ ọ́. Èyí ni èèyàn lè dá dúró.

Izal tí o ń gbóòórùn rẹ̀ yẹn, òórùn ni. Ilẹ̀ ni wọ́n fi fọ̀. Ọmọ rẹ kì í fi ilẹ̀ jẹun, ọwọ́ ni.

Ohun tí màá ní kí o ṣe nìyí: tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kí o yọ sí wọn ní bí aago méjìlá ọ̀sán láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Má wo ògiri, má wo àwòrán tí wọ́n kùn sára rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o máa wò: bí àǹtí bá ti pààrọ̀ páḿpáàsì ọmọ kan tán, kí ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ kàn lẹ́yìn náà? Padà wá sọ fún wa.

———

Ìyá Ìbejì tó ń gbé Ọ̀gólóntò ní kíréèṣì tàwọn kì í fi omi da ara wọn láàmú, sánítáísà ni wọ́n fi ń pa ọwọ́ gbogbo ọmọ kí wọ́n tó jẹun, ó sì ní ọ̀làjú nìyẹn. Mo rí i pé ẹ̀yin mẹ́ta ti kan sáárá sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Sánítáísà dára nínú BRT, ó dára níbi tí kò ti sí omi, tí ọwọ́ kò bá ní ìdọ̀tí tó ṣeé fojú rí, tí ọtí inú rẹ̀ kò sì dín ní 60 nínú 100. Ọwọ́ tó bá ti kan ìgbẹ́, àti ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ni ín. Irú kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru kan wà, norovirus lorúkọ rẹ̀, sánítáísà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọmọ ọlọ́dún kan sì wà níbẹ̀ tí yóò ki ìka tó ṣì tutù fún ọtí bọnu lójú ẹsẹ̀.

Omi tó ń ṣàn tí mo sọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí, nítorí mo ti ṣe é bó ṣe yẹ kó má rí.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, abọ́ ńlá kan ni mò ń bu omi sí. Àwọn ọmọ á tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, bí a ti ń ṣe nínú ilé kí a tó jẹ ẹ̀bà. Táwẹ́ẹ̀lì kan náà ni mo fi ń nù wọ́n lọ́wọ́ láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn. Tọkàntọkàn ni mo fi rò pé ìmọ́tótó ni mò ń kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó wá fún wọn ní fítámì A dúró wò wá títí a fi ṣe tán. Ó ní, “Mummy, ọmọ àkọ́kọ́ nìkan lẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ o. Àwọn yòókù, ìdọ̀tí ẹni tó ṣáájú wọn ni wọ́n ń gbà.” Ilẹ̀ ò lanu fún mi lọ́jọ́ náà. Mo ronú kan gbogbo ọmọ tó ti ṣu omi lábẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo sì ti sọ fún ìyá wọn pé ilé ni wọ́n ti kó o wá, gẹ́gẹ́ bí àǹtí ṣe sọ fún ìyàwó wa yìí.

Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni mo lọ sí ọjà Ṣábọ̀ lọ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní tápù nídìí. Ẹ rántí ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó: irú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí káàkiri Ìkòròdú. Àwọn kan tilẹ̀ ń jí lóru wẹ omi iyọ̀ nítorí àhesọ ọ̀rọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá tí wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iyọ̀ tán, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì bá iyọ̀ lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni ì bá kù sílẹ̀.

Ọṣẹ, omi, kí a fi ọwọ́ ra ọwọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ̀yìn ọwọ́ àti àárín ìka. Tí kò bá sí tápù, kí ẹnìkan máa fi ife da omi sí ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, aṣọ ìnuwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

———

Bàbá kan láti Ìjẹ̀dẹ̀ fi ìbínú kọ̀wé pé àwọn kíréèṣì kì í jẹ́ kí ìyá ọmọ ṣiṣẹ́: aago mọ́kànlá òwúrọ̀ kò ní tíì lù dáadáa tí wọn á ti pè pé ara ọmọ ń gbóná, kó máa bọ̀ wá gbé e. Ó ní ọmọ náà rẹ́rìn-ín jáde nílé ni.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà yín gbọ́ pé ó rẹ́rìn-ín. Parasítámọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fún ọmọ ní parasítámọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ara á rọ̀, àǹtí á gbà á wọlé. Agbára oògùn yẹn kì í kọjá wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ ka wákàtí márùn-ún láti aago mẹ́fà, ẹ ó rí i pé aago mọ́kànlá náà ló bọ́ sí. Láàárín àkókò yẹn, ọmọ ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín ṣíbí, ó ti wú ikọ́ sí wọn lójú, wọ́n ti jọ sùn sórí ẹní kan.

Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí mi gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà.

Oṣù Kẹfà ọdún kan ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà ti ń ya omi láti alẹ́ Sátidé. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ méje ló ń ya. Wọ́n fa dírípù sí ọ̀kan lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lórí ọwọ́ tí kò ju ìka mi méjì lọ. Látibẹ̀ ni mo ti lọ ká ìyá náà mọ́lé, mo sì gbé ọ̀rọ̀ líle lọ́wọ́.

Ó sunkún. Ó ní ọ̀gá òun á yọ owó ọjọ́ kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí òun kò bá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó gún mi: “Ẹ̀yin náà, Mummy, bí imú bá ti ń ṣàn lásán ẹ ó lé wa padà. Bí mo bá sọ òótọ́ fún yín ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ mélòó ni màá fi ṣiṣẹ́ nínú oṣù?”

Kò parọ́. Èmi ni mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fi nǹkan pa mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí òfin padà. Imú tó ń ṣàn tí ọmọ sì ń jẹun, tó ń ṣeré, mò ń gbà á. Ìyá kan níbí ń jà pé kí gbogbo onímú ṣíṣàn jókòó sílé. Ma, ọmọ yẹn ti ń tan ọ̀fìnkìn kálẹ̀ kí imú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, nítorí náà kò sí ohun tó pọ̀ tí ẹ fi lílé e padà dá dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ya omi tàbí tó ń bì kò gbọ́dọ̀ wọlé àfi tó bá ti dáwọ́ dúró fún ọjọ́ méjì. Ibà, ó di ìgbà tí ọjọ́ kan gbáko bá ti kọjá láìlo oògùn. Éèyí, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí ó ti sú sí i lára. Ṣìkìnpọ́ọ̀sì, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ tí yóò sì pa èépá.

Ìbéèrè kan sì wà tí mò ń bi gbogbo òbí kí n tó gba owó wọn: ta ni yóò gbà á lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá? Mo fẹ́ orúkọ, mo fẹ́ nọ́ńbà. Àbúrò, ìyá àgbà, aládùúgbò tó ń ránṣọ nílé. Tí wọ́n bá ní “a máa wá nǹkan ṣe sí i”, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wá a báyìí, kí wọ́n tó padà wá. Ẹ̀gbọ́n, ìyá ọmọ nìkan kọ́ ló ní fóònù. Ṣé nọ́ńbà tiyín wà lọ́wọ́ kíréèṣì yẹn?

Láti ìgbà tí mo ti fàyè gba imú ṣíṣàn ni àwọn ìyá ti ń sọ ti ìgbẹ́ fún mi fúnra wọn.

———

Lórí Izal àti bílíìṣì tí ẹ ń bá ara yín fà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ìdọ̀tí kúrò ná, nítorí bílíìṣì tí a bá dà lé ìgbẹ́ lórí, ìgbẹ́ ló máa gba agbára rẹ̀. Ẹ po ó tuntun lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike. Ẹ má pò ó mọ́ ohunkóhun, pàápàá jù lọ ásíìdì tí ẹ fi ń fọ ṣalángá. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ ń pani lẹ́dọ̀fóró lára. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ páḿpáàsì, póò, àti orí tábìlì oúnjẹ ni kí ẹ lò ó sí. Ohun ìṣeré tó wọ ẹnu ọmọ, ọṣẹ àti omi, kí oòrùn gbẹ ẹ́.

Kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Yàrá tí ọmọ ogún wà tí wọ́n ti fèrèsé pa nítorí òjò, kò sí ohun tí ẹ lè dà sílẹ̀ níbẹ̀ tó máa dá ọ̀fìnkìn dúró. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn, afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹ̀fọn ò ní wọlé.

———

Ọ̀rọ̀ eyín. Mo mọ̀ pé yóò dé.

Ìyá ọkọ ìyàwó wa kò parọ́ pé eyín ń hù. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni, kí ni kò ní hù? Àmọ́ ẹ wò ó: àsìkò tí eyín ń jáde náà ni ọmọ ń rákò, tó ń he gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu, àsìkò náà sì ni ààbò tó gbà láti ara ìyá rẹ̀ ń tán lọ. Wọ́n jọ dé ni, a wá ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan lé èkejì lórí. Eyín lè mú kí itọ́ máa dà, kí ìdí eyín wú, kí ọmọ máa ké lóru. Eyín kì í mú ọmọ ya omi lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́.

Mò ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ẹni tó bá ti gbà pé eyín ni, oògùn eyín ló máa wá. Àwa tó ń tọ́ ọmọ ní 2008 kò lè gbàgbé My Pikin, oògùn olómi tí wọ́n ń tà fún eyín. Kẹ́míkà burúkú kan ti wọ inú rẹ̀, kíndìnrín àwọn ọmọ daṣẹ́ sílẹ̀, ó lé ní 80 ọmọ tó kú kí NAFDAC tó gbá gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn fẹ́ràn ọmọ wọn bí àwa náà ṣe fẹ́ràn tiwa.

Nítorí náà, ìyàwó wa, tó bá tún ya omi, má ra Flagyl ní kẹ́míìsì, má ro àgbo fún un. ORS ni, ìyẹn iyọ̀ inú ọ̀rá tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń ya. Ka ara ọ̀rá rẹ̀: tí wọ́n bá ní lítà kan, pure water onísẹ̀ǹtílítà 50 méjì gan-an nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, nítorí iyọ̀ á pọ̀ jù. Máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, dà á nù. Fún un ní zinc 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 ó kéré tán, kódà tí ìgbẹ́ náà bá ti dúró ní ọjọ́ kejì. Ọyàn kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Tí àwùjẹ̀ bá jìn, tí ojú jìn, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tí kò lè mu nǹkan, tó ń bì gbogbo ohun tó mu, tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ni o ń lọ, kì í ṣe ìdáhùn wa ni o máa dúró dè.

Béèrè omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí onígbáméjì jà ní Èkó ní oṣù Kẹfà 2024, Ìkòròdú wà lára àwọn ibi tí ìjọba kọ́kọ́ dárúkọ. Kànga pọ̀ ní àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ wọn sì sún mọ́ ṣalángá jù.

———

Ẹnì kan ní àwọn ìyá òde òní ló fa gbogbo rẹ̀, pé ọmọ oṣù mẹ́ta kò ní iṣẹ́ kan ní kíréèṣì. Òótọ́ ni pé ó kéré. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó bímọ, ìṣáájú ìbímọ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì wà nínú ìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ń gba oṣù mẹ́fà láti 2014. Ẹni tó ń ta ọjà fún ọlọ́jà ní Ṣábọ̀, ta ló fẹ́ fún un ní oṣù mẹ́fà? Ẹ jẹ́ ká dẹ́kun bíbú wọn.

Ti ìyá àgbà ní Ìmọ̀ta, kò burú tí ara ìyá àgbà bá le. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́wàá ṣì ń mu ọyàn. Tí wọ́n bá gbé e lọ di ìparí ọ̀sẹ̀, ọyàn ti dópin nìyẹn, ààbò tó wà nínú rẹ̀ sì ni ẹ fi ń sá fún ọ̀fìnkìn.

Káàdì abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ìyàwó wa, ó yẹ kó ti gba ti éèyí àti ibà pọ́njú ní oṣù 9. Ẹlẹ́ẹ̀kejì éèyí wà ní oṣù 15, òun ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbàgbé torí pé ọmọ ti ń rìn, wọ́n rò pé ó ti parí. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìlera alábọ́dé ìjọba.

———

Ìyàwó wa ti padà wá. Ó ní òun lọ lọ́jọ́rú. Àǹtí kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú ọmọ-ọwọ́ mẹ́sàn-án. Ó pààrọ̀ páḿpáàsì ọmọ mẹ́ta lórí ẹní kan náà, ó fi wáìpù nu ọwọ́, ó sì yí síbi abọ́ ẹ̀kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ tó ń ké jẹ. Ó ní ọmọ òun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó ń kọrin fún un, ẹkún sì gba òun nítorí òun kò mọ̀ bóyá kí òun bínú tàbí kí òun dúpẹ́.

Méjèèjì ló tọ́. Mo béèrè ibi tí tápù wọn wà, ó ní ẹ̀yìnkùlé ni. Ta ló máa fi ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́? Ibi tí omi wà ló dá ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Mo ní kó bá àwọn ìyá méjì mìíràn sọ̀rọ̀, kí wọ́n dá owó ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní tápù, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ páḿpáàsì gan-an, pẹ̀lú ọṣẹ, kí wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ gbé e fún wọn, kó má dà bí ẹ̀sùn. Mẹ́sàn-án sí ẹnì kan, ìyẹn ni kí wọ́n bá ẹni tó ni kíréèṣì sọ. Èmi kò lè fi ju ọmọ-ọwọ́ mẹ́rin lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Tí oṣù kan bá kọjá tí wọn kò wá ẹnìkejì, ìgbà yẹn ni màá sọ pé kí o yọ ọ́.

Ó ní wọ́n ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ìyá kan tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì sí i sì ti gbà láti máa mójú tó ọmọ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ó wá béèrè ìkẹyìn: àpólò ti mú ọmọ kan níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ṣé kí òun gbé tòun lọ lọ́la?

Gbé e lọ, tí wọ́n bá ti ní kí ọmọ yẹn dúró sílé. (Ọdún 1969 tí wọ́n fi Apollo 11 lọ sínú òṣùpá ni àrùn ojú yìí bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.) Ọwọ́ àti aṣọ ìnujú ló ń gbé e kiri. Di aṣọ ìnujú tirẹ̀ sínú báàgì rẹ̀. Sọ fún àǹtí pé kí ẹnikẹ́ni má fi tìróò lé e lójú, nítorí ọ̀pá tìróò kan náà ni wọ́n máa ń fi kan ojú gbogbo ọmọ, òjé sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Tirẹ tó wà nílé náà, jù ú nù. Má kán ọmú sí i lójú, má fi omi ṣúgà wẹ̀ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la, tan iná wo ojú rẹ̀ dáadáa. Tó bá pọ́n tàbí tó lẹ̀ pọ̀, àǹtí ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o sì gbé e lọ sí ojúlé kejì kí o tó lọ wọ BRT.